Lóòró Ni Abel Ń Ya Èèyàn

Ìbẹ̀rù ni Doyinsọ́lá fi ń ṣe ohun gbogbo. Tó bá fẹ́ kọjá títì, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún padà wo ọ̀tún. Tí fóònù rẹ̀ bá dún, á kọ́kọ́ tẹjú mọ́ ọn títí yóò fi dákẹ́. Kì í ṣe pé ó gọ̀. Ọkọ tó fẹ́ ní Ìkìrun ló kó ẹrù rẹ̀ síta lójú gbogbo àdúgbò, àtìgbà náà ló ti di ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé èkejì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lékè, tó jẹ́ ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ epo kan ní Deer Park, mú òun àti bàbá wọn wá sí Houston, ó rí iṣẹ́ sí daycare kan. Ó ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ó ń nu imú wọn, ó ń rẹ̀ wọ́n sùn lọ́sàn-án. Àwọn ọmọdé ò bà á lẹ́rù. Àgbà ló ń bà á lẹ́rù.

Ògiri ṣọ́ọ̀bù kan kọjú sí daycare yẹn. Nínú oṣù kẹjọ, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú àkàbà àti garawa ọ̀dà. Èèyàn ló ń yà sára ògiri náà, gàgàrà bí igi àgbọn: obìnrin tó mú ìgbálẹ̀ dání, ọkùnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ epo, bàbá arúgbó tó fi abọ́ oúnjẹ rẹ̀ há abíyá. Oòrùn ń ta, kò sì sẹ́ni tó fún ọkùnrin náà lómi. Doyin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ike omi, ó sọdá.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Irun rẹ̀ ti ń funfun, ó sì dì í pọ̀ sẹ́yìn ọrùn. Ó mu omi náà tán láìmí.

“Ẹ má bínú o,” ni Doyin wí, “ṣé mo lè béèrè nǹkan?”

“Béèrè.”

“Kí ló dé tí kò sí ẹnì kankan tó jókòó nínú wọn? Ṣé kò rẹ̀ wọ́n ni?”

Ọkùnrin náà yíjú padà wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Ó rẹ̀ wọ́n gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n ti ń tẹrí ba fún ẹlòmíì. Lára ògiri tèmi, wọn ò ní tẹ̀. Lóòró ni mo máa ń yà wọ́n.”

Abel Cantú lorúkọ rẹ̀. Ó ní Chicano lòun, ọmọ àwọn Mẹ́síkò tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ Texas níbí. Tó bá dé Mẹ́síkò, wọ́n á pè é ní ará Amẹ́ríkà. Tó bá wà nílé, wọ́n á bi í pé níbo ló ti wá. Doyin gbọ́ ìyẹn, ó mi orí. Ó yé e ju bí ó ṣe lè sọ lọ.

Bùsọ́lá, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ti ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé fún ọjọ́ mélòó kan.

“Omi nìkan lo gbé fún un?”

“Omi ni.”

“Lánàá náà, omi ni. Lónìí mo rí jọ̀lọ́ọ̀fù lábẹ́ ike omi. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ara ẹ lo máa gbé fún un.”

“Bùsọ́lá, jọ̀ọ́, rọra sọ̀rọ̀.”

“Ta ló ń gbọ́ Yorùbá níbí? Àwọn ọmọ yìí? ‘Jẹun’ àti ‘má ṣe bẹ́ẹ̀’ nìkan ni wọ́n mọ̀.”

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ògiri parí, Abel ò lọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, Doyin á wa mọ́tò lọ sí Baytown, níbi tí Abel àti bàbá rẹ̀ jọ ń gbé. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Á na aṣọ sílíkì mọ́ férémù igi, á da ọ̀dà lé e, á fi rọ́bà fífẹ̀ fà á wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni àwòrán á bá jáde lórí ìwé lábẹ́ rẹ̀. Á sá a sórí okùn bí ẹni sá aṣọ ọmọ. Lára àwọn ìwé náà ni àwọn tó kú nínú iná iléeṣẹ́ wà, àti àwọn tí ìjọba kó lọ sẹ́yìn ibodè tí àwọn ọmọ wọn sì kù síbí. Kì í ta ìwọ̀nyẹn. Ọwọ́ àwọn tó ń lọ fẹ̀hónú hàn ló ń kó wọn sí. Kódà àwọn òkú inú rẹ̀, lóòró ni wọ́n wà, ojú wọn sì là.

Doyin á jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á máa wò ó. Nígbà míì á ro ó nínú ara rẹ̀ pé: ṣé èmi náà ló ní èyí? Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ mi? Ọ̀nà wo ló máa gbà bàjẹ́? Kò mọ bí ẹni ṣe ń ní nǹkan rere láìṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan Abel nu ọ̀dà ọwọ́ rẹ̀, ó ní, “Mo fẹ́ wá rí bàbá ẹ.”

Inú Doyin dùn, àyà rẹ̀ sì já, lẹ́ẹ̀kan náà. Bùsọ́lá ló di alárinà. Òun ló kọ́kọ́ lọ bá Lékè nílé rẹ̀ ní Katy, níbi tí Bàbá ń gbé. Lékè ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀.

“Mo mọ̀ ọ́n. Àwòrán ẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnubodè ibi iṣẹ́ wa nígbà tí iná yẹn ṣẹlẹ̀. Ibi tí mo ti ń jẹun ló ń bú. Ọkùnrin tó ń kun ògiri kiri, tí bàbá ẹ̀ ṣì ń bọ́.”

“Òun ló ń bọ́ bàbá ẹ̀, Bọ̀dá Lékè.”

“Ìyẹn náà ni mo ń sọ.”

Bàbá wà lórí àga wọn tó rọ̀, wọ́n ń gbọ́. Káfíńtà ni Bàbá nígbà ayé iṣẹ́ wọn, wọn kì í yára sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó wá. Mi ò gbọ́ èdè ẹ̀, mi ò mọ ìran ẹ̀, mi ò sì lè wádìí ẹ̀ ní ìlú ẹni ẹlẹ́ni. Ìkíni ni mo máa fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi tọkàntọkàn, mo fún un lọ́mọ mi.”

Nígbà tí Doyin ṣàlàyé ìdọ̀bálẹ̀ fún Abel, ó rò pé yóò rẹ́rìn-ín ni. Abel ò rẹ́rìn-ín. Ó wo ẹnu ilẹ̀kùn bóyá bàbá rẹ̀ ń bọ̀, ó fa garawa kan sún mọ́ ti Doyin.

Ó ní òun ṣì kéré, inú mọ́tò ni àwọn wà, òun àti àwọn àbúrò òun, bàbá àwọn ń wà á bọ̀ láti oko òwú. Àwọn ọlọ́pàá dá wọn dúró. Ẹnì kan tó jọ Don Cuco (bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń pe bàbá náà) ni wọ́n ń wá. Wọn ò bi í léèrè nǹkan kan. Wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ọ̀dà títì tí oòrùn ti sun, wọ́n ní kó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ẹnì kan fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Àwọn ọmọ ń wò ó. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé kì í ṣe òun. Nígbà tó padà wọ mọ́tò, awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti bó. Ó ní kí wọ́n kọrin. Wọ́n sì kọrin délé.

“Látìgbà yẹn, kò sọ ọ́ rí,” ni Abel wí. “Èmi náà ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ohun tí mo ń yà, nítorí ọjọ́ yẹn ni. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀ lójú bàbá mi, Doyin. Mo lè fi orí balẹ̀ nínú ọkàn mi fún bàbá ẹ, mo lè fọ ẹsẹ̀ wọn. Ìyẹn nìkan ni mi ò lè ṣe lójú Papá. Bá mi sọ fún wọn. Tí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ̀ ọ́n ká tó dé ibẹ̀.”

“Mo máa sọ fún wọn,” ni Doyin wí. Ó sì fẹ́ sọ ọ́.

Ó lọ sí Katy. Bàbá ń wo ìròyìn, ọlọ́pàá ń mú ẹnì kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Doyin dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀ tán. Bàbá tọ́ka sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, “Ilé tí ọlọ́pàá bá ti wọ̀ rí, mi ò lè fi ọmọ síbẹ̀ láéláé. Kí lo fẹ́ sọ?”

“Mo ní ṣé kí n gbé omi wá fún yín, sà.”

Lọ́sẹ̀ náà, Abel bi í léèrè lórí fóònù. “Ṣé o ti sọ fún wọn?”

“Mo ti sọ fún wọn.”

“Kí ni wọ́n wí?”

“Wọ́n ní kò burú.”

Bùsọ́lá náà bi í léèrè. “Ọkọ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe? Ó ti mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń lọ?”

“Ó mọ̀ ọ́n.”

Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ó ti ń parọ́ sí ọ̀tún àti sí òsì, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé inú gbogbo èèyàn á dùn lọ́jọ́ náà, wọ́n á jẹun, wọ́n á rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó máa ṣàkíyèsí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni wọ́n wá. Don Cuco wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ kankan, ó di fìlà rẹ̀ mú níwájú àyà. Búrẹ́dì dídùn ni wọ́n gbé wá, tí wọ́n fi bébà dì. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ Lékè ti kún pálọ̀. Bùsọ́lá ló ń darí ètò.

“Àwọn àna wa, ẹ káàbọ̀. Ojú ọ̀nà freeway yẹn kò ṣe yín léṣe? Ó dáa. Ó wá kù kí ọkọ ìyàwó kí bàbá wa bí a ṣe ń kí bàbá.”

Abel lọ síwájú Bàbá. Ó fi ọwọ́ lé àyà, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sọ èyí tí Doyin ti kọ́ ọ: “Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú ìjókòó.”

Pálọ̀ rẹ́rìn-ín, inú wọn dùn sí i. Bàbá ń retí kó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ń dúró. Abel dúró náà, ó rò pé ìkíni ti parí. Ó yíjú wo Doyin. Kápẹ́ẹ̀tì ni Doyin ń wò.

Ọ̀rẹ́ Lékè kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bíyìí, apanilẹ́rìn-ín ni. Ó dìde. “Àna wa, ilẹ̀ ni o, ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun ni Lékè tẹ́ dè ọ́, kò ní ba ṣòkòtò ẹ jẹ́.” Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọrùn Abel, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í wálẹ̀ jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń fi ọkọ ìyàwó ṣeré. Àwọn ọkùnrin méjì míì dìde láti bá a ṣe é. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Abel gan pa.

Don Cuco ò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó rí kò ju èyí lọ: àwọn ọkùnrin tó yí ọmọ rẹ̀ ká, ọwọ́ lórí ọrùn ọmọ rẹ̀, ilẹ̀.

Ó gbé fìlà rẹ̀ sórí àga. Ó rìn wá sí àárín pálọ̀, ó sì fi ìwọ̀nba òyìnbó tó gbọ́ sọ fún Bàbá pé, “Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀, sà. Èmi lẹ̀ ń wá.” Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó fi èkejì tì í, ó na ara rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó dojú bolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Bàbá ti fò dìde lórí àga. “Ẹ gbé wọn. Ẹ gbé wọn dìde, àgbà ni wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kó bá mi?”

Abel ló gbé e. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun fọwọ́ kàn án. Ó gbọn orúnkún bàbá rẹ̀, ó dé fìlà fún un, ó mú un lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ó wẹ̀yìn wo Doyin. “O ní o ti sọ fún wọn,” ló wí. Wọ́n jáde.

“Kí ló ní o ti sọ fún wa?” ni Lékè béèrè.

“Mi ò mọ̀,” ni Doyin wí.

Láti ọjọ́ náà, Abel ò gbé ìpè rẹ̀. Búrẹ́dì náà wà lórí tábìlì títí ó fi le. Bàbá ò jẹ́ kí wọ́n dà á nù, wọn ò sì jẹ ẹ́. Ìgbàkígbà tí Doyin bá dé Katy, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á bi í: “Kí ló dé tó fi kó ọwọ́ sẹ́yìn? Mo ti ń rí ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ láti kékeré mi. Kò sí ẹni tó ń kó ọwọ́ sẹ́yìn.”

Lọ́jọ́ kan Doyin kò lè gbé e mọ́. Ó kúnlẹ̀ ní kíṣìnnì, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó.

“Ìwọ mọ gbogbo èyí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, sà.”

“O sì jẹ́ kí n jókòó bí ọba, kí àgbà ẹlẹgbẹ́ mi máa nà gbalaja níwájú mi?”

“Ẹ ní ẹ ò lè fi ọmọ sílé tí ọlọ́pàá wọ̀ rí.”

“Nígbà wo?”

“Ẹ̀ ń wo tẹlifíṣọ̀n.”

Bàbá ní, “Doyin, mo lè bú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣé o wá ń kó gbogbo ẹ̀ sínú ni? Ká ní o sọ èyí fún mi, àga ni ǹ bá gbé fún ọkùnrin yẹn.” Wọ́n nu ojú. “Gbé mọ́tò. Gbé mi lọ bá wọn.”

Ní Baytown, Don Cuco wà níwájú ilé. Bàbá bọ́ fìlà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn. Don Cuco yára gbé àga wá, ó ń gbọn ìjókòó rẹ̀ bí ẹni tó ní àlejò pàtàkì. Ó wọlé lọ gbé kọfí jáde, ó sì da dómínò sórí tábìlì. Kò pẹ́ tí Doyin fi ń gbọ́ ẹ̀rín bàbá rẹ̀, irú èyí tí kò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìkìrun.

Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Abel ń sá ìwé sórí okùn.

“Mo ti sọ fún wọn báyìí,” ni Doyin wí.

“Mo rí i. O ṣeun.”

“Bàbá ní ká tún ọjọ́ dá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa dọ̀bálẹ̀.”

Abel fi pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ há ìwé mọ́ okùn. “Bàbá ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ẹni tó fọwọ́ lé mi lọ́rùn, mo mọ̀ pé eré ló ń ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo ilé yẹn àfi ìwọ. Ìwọ sì ń wo kápẹ́ẹ̀tì.”

“Ẹ̀rù bà mí.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo rò pé tí ẹ̀rù bá bà mí, ìwọ lo máa bá mi la ẹnu.”

“Mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu, Abel. Mo ti ń kọ́ ọ.”

“Mo gbà.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó tún nu ún, ọ̀dà ò kúrò. “Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti rí Papá lórí ilẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, èmi ni mo wa mọ́tò gbé e lọ síbẹ̀, torí pé mo gba ọ̀rọ̀ ẹ gbọ́. Tí mo bá ti wò ọ́, ibẹ̀ ni mo máa ń rí i.”

“O ò nífẹ̀ẹ́ mi mọ́?”

“Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ. Mi ò lè fẹ́ ẹ.”

Kò pariwo. Doyin ìbá fẹ́ kó pariwo. Ó dúró láàárín àwọn ìwé tó ń gbẹ, gbogbo àwọn èèyàn náà wà lóòró, ojú wọn là sí i.

Látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Bàbá ń wọṣọ, tí wọ́n á ní kí Doyin gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ àna àwọn. Don Cuco á ti tẹ́ dómínò sílẹ̀. Bàbá ti ń fi Sípáníìṣì ka nǹkan, Don Cuco náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ “o ti jẹ ìyà”. Doyin á jókòó sínú mọ́tò, á ní orí ń fọ́ òun. Abel á jáde, á kó férémù sínú ọkọ̀ rẹ̀, á juwọ́ sí i bí èèyàn ṣe ń juwọ́ sí aládùúgbò, á lọ. Bùsọ́lá ní kó má lọ mọ́. Ó ní, “Ṣé ò ń lọ wo ibi tí o ti ṣubú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni?” Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Doyin tún wa mọ́tò lọ.

Nígbà tí ooru ọdún kejì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, wọ́n ń padà bọ̀ lọ́sàn-án kan, Bàbá ń jẹ ẹ̀pà tí Don Cuco fún wọn. “Àna mi ní oṣù kẹwàá dára fún ìyàwó,” ni wọ́n wí. “Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, wọ́n ń fi ìka kà á. Oòrùn á ti dínkù. Kí lẹ tún ń dúró dè?”

Látẹ̀yìnwá, Doyin á ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Abel. Ó la ẹnu láti tún un sọ. Afárá ńlá Baytown ti ń gòkè níwájú wọn. Kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ.

“Bàbá.”

“Hẹn-ẹn.”

“Abel ò fẹ́ mi mọ́.”

Bàbá ò jẹ ẹ̀pà mọ́. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jọ wá.”

“O sì ń gbé mi wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.”

“Ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ ń gbádùn ara yín.”

“Ìwọ ńkọ́?”

“Mo máa ń rí i láti inú mọ́tò, sà.”

Bàbá yíjú sí fèrèsé. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kọjá nísàlẹ̀, ó ń lọ sí ọ̀nà òkun. Ohùn wọn ti rẹlẹ̀. “Ká má wá mọ́, àbí?”

“Rárá, sà,” ni Doyin wí. “A óò máa wá.”

Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nu ún, torí pé ọwọ́ méjèèjì ló fi di sítíárìn mú, bàbá arúgbó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gbé délé láyọ̀.